Ọ̀rọ̀ Dídùn Tí Kò Yé Ẹnikẹ́ni

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi ni mo máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ohun èlò oníke ni iléeṣẹ́ wa ń ṣe, lẹ́yìn Ògbà, níbi tí ọ̀nà ti ń já sí Agége: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́tù àlùwàlá, àti àga tí wọ́n máa ń háyà fún ìnáwó. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má fara pa. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í pe orúkọ mi. Àǹtí Séfútì ni wọ́n sọ mí, orúkọ yẹn ló sì mọ́ mi lára títí dòní.

Mo fẹ́ràn àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ju gbogbo iṣẹ́ mi yòókù lọ. Màá gun orí àpótí onígi kan, màá gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, màá sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní àwàdà, mo ní àpẹẹrẹ, ohùn mi sì máa ń dé ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Bí mo bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Máníjà wa á mi orí láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, orí tèmi náà á sì wú. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é báyìí, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi léèrè bóyá ohun tí mò ń sọ ń wọlé sí wọn létí.

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ọmọ Èkìtì ni, Agége ló sì ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ tí a ti ń gbé inú ọgbà, ibà dá mi dùbúlẹ̀, mo sì kọ lẹ́tà sí i pé kó wá mú mi. Ó wá lóòótọ́, ó gbé mi lọ sí ọsibítù, ó sì jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ó yọ lẹ́tà náà jáde nínú àpò, ó sì nà án sí mi. Ó ti fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀. Mọ́kànlá ni. Mo kà wọ́n lórí ibùsùn tí mo wà.

Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ o, má bínú," mi ò ní fetí sílẹ̀ mọ́. Èsì á ti wà lẹ́nu mi kí onítọ̀hún tó sọ ìdajì. Ọkọ mi máa ń sọ pé wọn kì í bá mi wí, wọ́n máa ń bá mi jà ni. Ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe. Mo bá a jà lórí ìyẹn náà.

Ẹni tó wá fi ojú ọ̀nà hàn mí ni ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Orílé Agége ló ń gbé, ó sì ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kẹta, tó wà nínú yàrá tirẹ̀, ló máa ń jókòó sí. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti jáde lára ẹ̀rọ, ike tín-ín-rín kan máa ń ṣẹ́ kù sí etí rẹ̀ yíká. Iṣẹ́ Àlàájà ni láti fi ọ̀bẹ kékeré gé e kúrò nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ti ń ṣe é kí n tó jáde nílé ẹ̀kọ́ girama. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí mo ti sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́, a pàdé nídìí ẹ̀rọ omi tí a ti ń fọwọ́.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú."

Èsì ti wà lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín ọ́fíìsì, mo ní, "Kò sí wàhálà, Àlàájà, ẹ máa sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ yín máa ń dùn. Ó dùn gan-an ni. Àmọ́ kì í yé wa."

"Kí ni kì í yé yín?"

"Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni. Ẹ máa ń yára. Bí ẹ bá ń ṣàwàdà, Yorùbá lẹ fi ń ṣe é, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wá dé ibi ohun tó lè gé èèyàn lọ́wọ́, ẹ ó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì."

"Ṣùgbọ́n ẹ máa ń pàtẹ́wọ́, Àlàájà. Gbogbo yín."

"À ń pàtẹ́wọ́ pé ẹ ti parí ni."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá ló ṣe sọ ọ́. Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fi etí ìborùn nu ún, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, nítorí mo mọ̀ pé á gbè mí. Ó gbè mí lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ má dá ìyá yẹn lóhùn, ṣé òun ló máa kọ́ yín níṣẹ́ tí ẹ kàwé fún?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò lọ. Ó há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Kí n má parọ́, lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi kún Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mi ò gbọ́ tirẹ̀. Mo wo apá ibi tó dúró sí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ń wò mí pẹ̀lú sùúrù, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ nílẹ̀, ìyẹn ló sì tún bí mi nínú jù.

Bí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, òjò ń rọ̀ sórí páànù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi gbọ́ igbe àkọ́kọ́. Igbe kejì ni mo gbọ́. Yàrá ẹ̀rọ kẹta ló ti wá. Mo sáré débẹ̀, àwọn mẹ́ta mìíràn sì ti dé ṣáájú mi, wọ́n ń lu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Láti ọjọ́ tí mo ti débi iṣẹ́ yẹn, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn yẹn lọ́sàn-án rí. A lù ú, a pariwo, a fi èjìká tì í. Ẹ̀rọ tí ń bẹ nínú lọ́hùn-ún ti dákẹ́.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Àlàájà ló ṣílẹ̀kùn. Ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí ọrùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìkejì mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sórí ṣòkòtò rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló há sáàárín irin ńlá méjèèjì tó máa ń pàdé ara wọn láti fún ike ní ìrísí. Ọkùnrin náà na ọwọ́ sínú láti fà á yọ. Kò pa ẹ̀rọ, irin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Àlàájà ló fò dìde nídìí tábìlì, ó sì gbá bọ́tìnnì pupa tó ń pa gbogbo rẹ̀.

Èékánná àtàǹpàkò ọkùnrin náà ṣí kúrò, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Kò sí eegun tó ṣẹ́. Bí Àlàájà bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà.

Àgbà ọkùnrin ni ẹni tó fara pa yìí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, òun ló sì ṣọ́ra jù nínú gbogbo àwọn tó ń darí ẹ̀rọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù tó bà mí fi di ìbínú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ń di ọwọ́ rẹ̀, mo dúró tì í lórí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ṣé mi ò sọ fún yín ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ pé kí ẹ ṣe lọ́ọ̀kì-áòtù kí ẹ tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ? Gbogbo ọjọ́ Ajé ni!"

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Mo ṣe é, Àǹtí," ó ní. "Mo tilẹ̀kùn. Mo tì í dáadáa, mo sì yọ kọ́kọ́rọ́. Àlàájà tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí mò ń tilẹ̀kùn mọ́ wa, mo ní Àǹtí ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. Ó wò mí, ó sì tún tẹjú mọ́ báńdéèjì tó ń dì.

Lọ́ọ̀kì-áòtù tí mo máa ń sọ, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí èèyàn pa ẹ̀rọ, kó sì fi àgádágodo ti súìṣì rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà tàn án nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi gan-an lèmi náà ṣe ń pè é. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó bá gbọ́ "lọ́ọ̀kì," ilẹ̀kùn ló máa rò. Ọkùnrin yìí ti ṣe ohun tí mo sọ gẹ́lẹ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ìgbọràn rẹ̀ ló sì tì wá síta nígbà tó nílò wa.

Mo padà sí ọ́fíìsì láti kọ ìròyìn ìjàǹbá. Fọ́ọ̀mù wà fún un, níbi tí a ti máa ń kọ ohun tó fà á. Mo kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kò tẹ̀ lé ìlànà. Ohun tí a máa ń kọ nìyẹn, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo wò ó títí. Ojú ọkùnrin yẹn ò kúrò níwájú mi. Mo ya fọ́ọ̀mù náà, mo mú òmíràn, mo sì kọ ọ́ pé ẹni tó ń kọ́ wọn kò sọ ìlànà náà lọ́nà tó yé wọn. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni.

Máníjà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé bí màá ṣe fi ránṣẹ́ sókè nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fọwọ́ sí i. "Ó dáa. Lọ tún ọ̀nà tí o fi ń kọ́ wọn ṣe."

Mo ti rò pé ilẹ̀ á lanu gbé mi mì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara mi tiẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àlàájà níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ọ̀sán tán. Ó ṣì wà lórí ẹní rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn sọ fún mi. Ẹ sọ ọ́, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ."

Mo ti múra sílẹ̀ de "Ṣé mo sọ fún yín." Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé o ti jẹun?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí ní "o." Títí di ọjọ́ yẹn, "ẹ" ló máa ń lò fún mi nítorí ipò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi lọ́mọ. Mo ní mi ò tíì jẹun. Ó bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì, ó sì ní, "Lọ́la, wọ ṣòkòtò iṣẹ́. Wá jókòó tì mí."

Mo jókòó tì í fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, láàárọ̀. Mo ti wà níléeṣẹ́ yẹn fún ọdún méjì, mi ò jókòó nídìí ẹ̀rọ fún wákàtí kan rí. Ooru ibẹ̀ máa ń wọ inú eegun. Ariwo ibẹ̀ sì máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kó tó sọ ọ́ jáde. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń jáde, ìkejì ń tẹ̀ lé e, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ dúró. Mo gé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́ mi wọ́gọwọ̀gọ, Àlàájà sì jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ojú mi.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀rọ dúró díẹ̀, ó bi mí léèrè pé, "Nínú gbogbo ohun tí o máa ń sọ lórí àpótí yẹn, èwo lo rántí látàárọ̀ tí o ti jókòó síbí?"

Mo ronú. Kò sí ìkankan.

"Ṣé o rí i. Ibí yìí ò gba ọ̀rọ̀ gígùn. Ohun tó bá máa bá wa débí, ó gbọ́dọ̀ kéré bí ẹyọ iyọ̀."

Mo rò pé mo ti gbọ́. Mo lọ sílé, mo jókòó, mo sì kọ ìlànà tuntun ní Yorùbá. Mo fẹ́ kí bàbá mi lè fi yangàn, nítorí náà mo kó gbogbo Yorùbá tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síta, mo fi ìlà dúdú yí i ká kó lè hàn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé láàárọ̀. Nígbà tí mo ń kọjá lẹ́yìn yàrá kẹta, mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹnì kan ń kà á sókè bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò: "Ẹ rí i dájú pé ẹ ti ya ẹ̀rọ nípá kúrò lábẹ́ agbára mànàmáná!" Ẹ̀rín tún bú jáde. Mo wá gbọ́ ohùn Àlàájà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò sì tíì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlà dúdú yẹn ló rí. Ó ní, "Ta ló kú?"

Ó dùn mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èèyàn á gba ìbáwí lẹ́ẹ̀kan, kó wá mọ́ ọn lára. Mo lọ jókòó sí ọ́fíìsì, mo tilẹ̀kùn, omijé sì lé sí mi lójú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ohun tí màá sọ fún wọn: pé kì í ṣe dandan kí n kọ ọ́, pé mi ò sùn dáadáa nítorí wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀ yẹn, mo tún ka ìwé náà, mo sì kà á sókè bí ẹni yẹn ṣe kà á. Ẹ̀rín pa èmi náà. Ìkéde òkú ni lóòótọ́.

Mo padà sí yàrá kẹta kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ọkùnrin tó fara pa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì, wọ́n sì ní kó máa ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo yọ ìwé náà lára ẹ̀rọ, mo sì bi wọ́n pé, "Ká ní ọmọ yín ló fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí, kí lẹ máa sọ fún un?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní, "Màá ní, 'Pa á ná!'"

"Kó sì tì í," ẹlòmíràn fi kún un.

"Kí ni kó tì?" Àlàájà bi í. "A ti ti ilẹ̀kùn rí o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọkùnrin ọlọ́wọ́ dídì náà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Wọ́n ní kí a kọ "súìṣì" sí i kó má baà rújú.

Ọkùnrin náà ló wá sọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ní bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára àgádágodo, ẹlòmíràn lè dé, kó ṣí i, kó sì tanná. "Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lápò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ."

Bí a ṣe dé orí rẹ̀ nìyẹn: Pa ẹ̀rọ. Ti súìṣì. Fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Máníjà fọwọ́ sí i pé kí a ra àgádágodo kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ náà sára ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mi ò gun orí àpótí. Mo dúró sílẹ̀ láàárín wọn, mi ò sì lo gbohùngbohùn. Mo sọ gbólóhùn mẹ́ta yẹn, mo wá ní kí ẹnì kan jáde wá fi hàn mí. "Ẹ má sọ pé ó ti yé yín. Ẹ ṣe é kí n rí i." Ẹni àkọ́kọ́ ṣe é, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára àgádágodo, àwọn yòókù sì pariwo lé e lórí kí n tó lanu. Ẹni kejì ṣe é dáadáa. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ṣàárò àtẹ́wọ́ yẹn, kí n sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú ìwé tí mo kọ gbólóhùn mẹ́ta yẹn sí lọ fi han bàbá mi ní Ìfàkò, níbi tó fẹ̀yìn tì sí. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá bíírò kiri lórí tábìlì. Mo bá a wá a, mo sì fi í lé e lọ́wọ́.

"O ò fi àmì sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí," ó ní. "Ṣé àpò ni, àbí apó? Ṣé ọfà ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Àpò ni, sà. Ẹ bá mi fi sí i."

Ó fi àmì náà sí i, ó sì wò mí lórí awò. "Inú ò bí ẹ?"

"Ó bí mi díẹ̀, sà. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ."

Mi ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, mo kàn bi í léèrè bóyá ó rántí lẹ́tà tí mo kọ nígbà tí ibà ń ṣe mí nílé ẹ̀kọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Mo rántí. Ọkọ̀ ò tètè kún ní gáréèjì lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo mú bíírò jáde kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe." Ó nu awò náà fún ìgbà díẹ̀. "Kò yẹ kí n fún ẹ ni. Mo rí i lójú rẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì mọ bí màá ṣe gbà á padà."

Gbogbo ọdún tí mo fi ru lẹ́tà yẹn káàkiri, mi ò ronú rí nípa ọkùnrin tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò kún, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Mo bọ́ sí ilé ìdáná lọ gbé oúnjẹ wá. A jẹun, a sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, inú mi sì dùn títí mo fi délé.

N kò wá di ẹni tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí i o. Súpáfáísọ̀ kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ní ohùn mi ń dun òun létí, àti pé obìnrin kò yẹ fún irú iṣẹ́ mi. Tẹ́lẹ̀, ìjà ni ì bá dà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í pé, "Ibo gan-an ni mo ti ṣì í, sà, kí n lè tún un ṣe?" Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, kò rí ibì kankan tọ́ka sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Àlàájà rí ibi tó tọ́ka sí fún mi nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́sí. Ó sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an: àwàdà ní Yorùbá, ewu ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti wá mọ ìyàtọ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì máa ń ṣì í mú nígbà mìíràn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìbọ̀wọ́. Àlàájà kì í wọ ìbọ̀wọ́. Ó ń fi ọ̀bẹ gé ike lójoojúmọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ tó fi ń di bọ́kẹ́ẹ̀tì mú sì kún fún àpá. Mo ti ń rí i tipẹ́, mo ń bẹ̀rù láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo ki ara mi láyà.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú."

Ó bí i nínú. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìwọ? Ọdún mélòó lo ti lò níbí? Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú?" Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń dáhùn ìkíni mi ní ìdákúrekú. Mi ò bínú. Mo mọ ibi tó wà, nítorí mo ti gbé ibẹ̀ pẹ́. Mo kàn ń kí i láàárọ̀, mo ń kí i lálẹ́, mo sì ń dúró.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, níbi tí kì í dé. Ó ju ìbọ̀wọ́ kan sórí tábìlì mi.

"Wọ̀ ọ́," ó ní.

Mo wọ̀ ọ́. Orí ìka rẹ̀ gùn kọjá ìka mi.

"Ṣé o rí i? Ọkùnrin ni wọ́n rán an fún. Ìka mi ń rìn kiri nínú ẹ̀. Bí mo bá wọ ìyẹn di ọ̀bẹ mú, ọ̀bẹ á yọ̀, á gún mi. O bá mi wí, o ò bi mí pé kí ló fà á."

Òótọ́ ló tún sọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ńlá lọ́wọ́, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí máníjà fi yọjú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo lọ káàkiri gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà, mo sì bi gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ léèrè. Kò sí ọ̀kan tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bá a mu. Àwọn kan ti fi rọ́bà dè é mọ́ ọrùn ọwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Nígbà tí àwọn kékeré tí mo ní kí wọ́n rà dé, mo gbé tirẹ̀ lọ fún Àlàájà fúnra mi. Ó wọ̀ ọ́, ó ká ìka rẹ̀, ó nà wọ́n, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan yíká láìdúró.

"Èyí dáa," ó ní. Ọ̀rọ̀ ìyìn tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, a jọ jáde lẹ́nu géètì. Obìnrin kan ń sun àgbàdo níwájú iléeṣẹ́ tó kángun sí tiwa, Àlàájà sì dúró tì í, ó fi èékánná tẹ àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní èyí ti gbó jù, ìyẹn ti jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin náà ò bínú. Ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, màmá, ẹ dúró gba tuntun," ó sì fẹ́ iná. A dúró sínú èéfín, a ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí ọmọ Àlàájà ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, títí àgbàdo fi jinná. A jẹ ẹ́ bí a ṣe ń lọ sí ibùdókọ̀. Ó rọ̀, ó sì dùn dé ìdí.